Jáàsì Lásìkò Ìgógó

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà, kó kàn sọ fún mi pé orin ni gbogbo orin. Mo ti bá àlùfáà ìjọ wa fa ọ̀rọ̀ yìí, mo ti bá àwọn àna mi fà á. Agatha ìyàwó mi ti pàṣẹ pé tí a bá lọ síbi ìkómọ, kí n máa jókòó jìnnà sí ẹni tó ń yí orin. Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Ọ̀wọ̀ ń pè mí ní Bàbá Jáàsì. Wọ́n rò pé wọ́n ń bú mi. Mo ti ní kí wọ́n bá mi kọ ọ́ sára géètì.

Nínú pálọ̀ mi, tẹlifíṣọ̀n bàbá mi ṣì wà níbẹ̀, èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ilẹ̀kùn onígi tí à ń fi kọ́kọ́rọ́ tì. Ó ti kú tipẹ́. Agatha ní kí n jẹ́ kí àwọn tó ń ra irin àlòkù gbé e lọ. Mo ní ṣé nígbà tí bàbá mi kú, mo gbé òun náà fún wọn ni? Orí tẹlifíṣọ̀n náà ni mo gbé giramafóònù mi lé, àwọn àwo rẹ́kọ́ọ̀dù mi sì wà nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi kì í gbálẹ̀ dé ibẹ̀, kì í ṣe pé ó ń bọ̀wọ̀ fún mi, ẹjọ́ mi ni kò fẹ́ gbọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, tẹlifíṣọ̀n ayé ìsinsìnyí kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n. Ìkànnì wọn ò lóǹkà, ẹ ó sì fi ìka tẹ̀ wọ́n títí tí oorun á fi gbé yín lọ. Nígbà tiwa, ìrọ̀lẹ́ ló tó máa ń bẹ̀rẹ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ìlà dúdú àti funfun lásán ló máa ń wà lójú rẹ̀, a ó sì jókòó tì í, a ó máa wò ó tìfẹ́tìfẹ́, torí a mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Tí wọ́n bá wá kọ orin orílẹ̀-èdè, bàbá mi tó jẹ́ akọ̀wé ní kánsù á dìde dúró ṣánṣán, gbogbo èrò tó kún ojú fèrèsé wa náà á sì dúró. Ta ló ń dúró fún tẹlifíṣọ̀n mọ́ lónìí? Àwọn èèyàn ń wò ó lórí ìdùbúlẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n máa ń fi ẹgbẹ́ onífèrè kan láti Amẹ́ríkà hàn wá. Èèyàn dúdú bíi tiwa ni wọ́n, wọ́n wọ kóòtù, òógùn ń bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn wọn ni ìjàkadì máa ń dé, ariwo lásán, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan fún mi. Tí àwọn onífèrè bá ń ṣe tiwọn, àwa ọmọdé á máa ti ara wa, a ó máa gbá ara wa létí. Ignatius ọ̀rẹ́ mi nìkan ni kì í dá sí i. Iwájú ló máa ń jókòó sí. Á di ojú méjèèjì, á gbé orí sẹ́yìn díẹ̀, kò sì ní mira títí wọ́n á fi ṣe tán. Mo máa ń wò ó, ojú á sì máa tì mí. Ọmọ tí a jọ ń ká máńgòrò olówó, báwo ló ṣe mọ ohun tí èmi ò mọ̀? Ni èmi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í di ojú mi. Ibẹ̀ ni jáàsì ti wọ̀ mí lára, kò sì jáde mọ́.

Nígbà tí mo dàgbà, mo wá àwo ẹgbẹ́ náà dé Ìbàdàn kí n tó rí i. Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú àwo yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbà á sílẹ̀, wọn ò tún un ṣe. Ẹ ó gbọ́ bí àga kan ṣe ń han, ẹ ó sì gbọ́ ẹnì kan tó wúkọ́ nígbà tí fèrè ń mí. Àwọn olórin ìsinsìnyí á ti fi kọ̀ǹpútà yọ ikọ́ yẹn. Lójú tèmi, ikọ́ yẹn wà lára orin. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo àlejò tó wọ ilé mi, pẹ̀lú ẹni tó wá ka mítà iná.

Ní ìparí oṣù kẹjọ ni Veronica, ọmọ Ignatius, pè mí láti Àkúrẹ́. Ó ní òun fẹ́ mú bàbá òun lọ sí Kánádà, wọn ò sì mọ̀gbà tí wọ́n máa padà.

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nǹkan ti ń fò wọ́n lórí, sà," ló sọ. "Wọn ò rántí ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti di Sátidé, wọ́n á wọ bàtà, wọ́n á ní ṣé a ò ní lọ wo tẹlifíṣọ̀n nílé Akín."

Èmi ni Akín yẹn. Omi bọ́ lójú mi. Ọ̀rẹ́ mi ti gbàgbé oúnjẹ, ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, àmọ́ kò gbàgbé orin. Mo sọ fún Agatha pé n ò ní jẹ́ kí Ignatius kúrò ní Nàìjíríà láìgbọ́ àwo yẹn létí ara rẹ̀. Òun ló fún mi ní ohun tí mo fi gbé ayé mi. Tí n kò bá fi orin yẹn sìn ín, kí ni mo fẹ́ fi sìn ín, kúlíkúlí?

Wọ́n dá ọjọ́, ọjọ́ náà sì bọ́ sí àárín ọdún Ìgógó. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, mo mọ̀ pé tí Ìgógó bá ti wọlé, ìlù kò gbọdọ̀ dún nílùú, agogo nìkan ni, ọkùnrin kò sì gbọdọ̀ dé fìlà. Mo ti bọ́ fìlà, oòrùn sì ti ń fi orí pípá mi ṣeré. Àmọ́ kò wá sí mi lọ́kàn pé jáàsì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí Ignatius dé, mo kọ ojú lóúdísípíkà sí fèrèsé bí mo ṣe máa ń ṣe, kí àdúgbò lè rí ẹ̀kọ́ kọ́. Mo fi abẹ́rẹ́ lé àwo. Orin náà ò tíì lọ jìnnà tí Bàbá Ọmọ́lẹ́yẹ, olórí àdúgbò wa, fi wọlé láìdé fìlà.

"Akínwọlé, ùlù ni mo gbọ́ nínú ulé rẹ yìí."

"Bàbá, jáàsì ni."

"Ùlù kò sí nínú rẹ̀?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà Kérésì tó kọjá, èmi fúnra mi ni mo fi bàbá yìí jókòó sórí àga tó wà níwájú wa yìí, mo fún un ní mínírà, mo sì sọ fún un pé ìlù ni ọkàn jáàsì, pé ẹni tó bá yọ ìlù kúrò nínú jáàsì, atẹ́gùn ló kù. Ó ti mu mínírà náà tán, kò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀.

"Ìwọ lo sọ ọ́," ló ní. "Ìwọ lo ní ùlù ni ọkàn rẹ̀."

"Bàbá, ìlù òyìnbó ni. Kì í ṣe awọ, ọ̀rá ni wọ́n fi bò ó."

"Ṣe ni wọ́n ń fọn ọ́n ni, àbí wọ́n ń lù ú?"

"Wọ́n ń lù ú. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni wọ́n ti lù ú, Bàbá, kì í ṣe ìhín. Ẹni tó lù ú gan-an ti kú tipẹ́."

Bàbá Ọmọ́lẹ́yẹ wo giramafóònù náà, ó wò mí. "Ó ti kú," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Òkú ló wá ń lùlù l'Ọ́ghọ̀ wa yìí, nígbà Ìgógó. O rò pé ìyẹn ló máa gbà ọ́ sílẹ̀?"

Agatha tó ń ṣa ẹ̀wà nínú yàrá kejì bú sẹ́rìn-ín. Mo pa ẹ̀rọ náà. Bàbá Ọmọ́lẹ́yẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì béèrè bóyá mínírà ṣì wà.

Nígbà tó lọ tán, mo rò ó síwá sẹ́yìn. Mo ní kí n jókòó ti abẹ́rẹ́, kí n máa gbé e sókè tí ìlù bá ti fẹ́ dún, kí n tún fi lélẹ̀ tó bá kọjá. Mo gbé lóúdísípíkà kúrò lójú fèrèsé, mo rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo dán an wò. Ohun tó kù nínú orin náà kò ju mímí fèrè bíi mélòó kan àti ikọ́ yẹn lọ.

"Ìyẹn dáa, Bàbá Dùnsìn," Agatha sọ fún mi láti inú yàrá. "Ó mọ níwọ̀n. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Veronica ní tiẹ̀, nígbà tí mo pè é láti sọ ìṣòro mi, ní orin náà wà lórí fóònù òun, òun á kàn ki nǹkan ìgbọ́rin bọ bàbá òun létí, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbọ́. Mo bi í bóyá etí ló ń dun bàbá rẹ̀ tí a ó fi máa kán orin sí i bí oògùn. Mo ní orin tí wọ́n fi èémí èèyàn àti òógùn ṣe, inú yàrá ló ti yẹ kó máa dún, kó kan ògiri, kó kan àyà. Ó wá ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Agatha náà ló gbà mí sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ọmọ Emùré-Ilé ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Sylvanus sì ń dáko kòkó níbẹ̀. Ó ní Ìgógó Ọ̀wọ̀ kò kan Emùré, kí a kó ẹrù wa lọ síbẹ̀ kí àlàáfíà lè wà. Bí Veronica ṣe gbé bàbá rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì, a ò jẹ́ kí wọ́n jókòó. Giramafóònù wà lórí itan mi nínú mọ́tò bí ọmọ ìkókó, lóúdísípíkà kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ Agatha. Ignatius gbé àwo mọ́ àyà rẹ̀. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dán.

"Akín," ló ń sọ lójú ọ̀nà, "ulé yín là ń lọ?"

"Ibẹ̀ náà là ń lọ."

"Ó dáa. Ká má pẹ́ o, wọ́n á ti gba gbogbo iwájú."

Mo wo Veronica pé, ṣé o gbọ́? Ọ̀nà ló gbájú mọ́.

Sylvanus ti gbọ́ pé a ń bọ̀, ó ti kó kòkó tó sá sí àgbàlá kúrò. Kò síná ní Emùré, ló bá tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ tó ń bú bí ọkọ̀ agbégi. Mo ní kó gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Ó gbé e lọ. Mo ní kó gbé e jìnnà sí i. Ó ní wáyà òun ò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí n lo etí mi bí mo ṣe rí i. Mo fi aṣọ nu àwo náà, mo ṣe àlàyé díẹ̀ nípa ikọ́ fún Sylvanus, mo sì fi abẹ́rẹ́ lélẹ̀.

Fèrè bẹ̀rẹ̀. Ignatius, lórí àga tó wà níwájú, di ojú méjèèjì. Ó gbé orí sẹ́yìn díẹ̀, gẹ́lẹ́ bí ìgbà náà. Kò mira. Ìlù wọlé, ó dún ní Emùré láìsí ẹni tó yọ wá lẹ́nu, mo sì fi ọwọ́ tọ́ka sí ọ̀rẹ́ mi kí Veronica lè rí i. Mo ní, "Wò ó. Ìyẹn là ń pè ní kéèyàn gbọ́ orin. Gbogbo Ọ̀wọ̀, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n." Inú mi dùn.

Orin parí. Ignatius la ojú, ó wò yíká, ó nà, ó sì fi ọwọ́ pa ọwọ́.

"Wọ́n ti ṣe tán?" ló bi mí. "Ọpẹ́ ni. Ìjàkadì ló kàn."

"Ìjàkadì wo?"

"Ti Sátidé." Ó tẹ̀ mọ́ mi létí, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ọmọdé tí kò fẹ́ kí àgbà gbọ́. "Àwọn onífèrè yìí máa ń pẹ́ jù, Akín. Ojú ni mo máa ń dì, kí wọ́n lè tètè lọ. Má sọ fún bàbá rẹ o. Àwọn ló ni tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á ní kí n má wá mọ́. Ìwọ náà, mo rí i pé o máa ń di tìẹ."

Veronica yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Agatha, tí mo rò pé á rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó wá dúró lẹ́yìn àga mi.

Ó dùn mí. N ò ní parọ́ fún yín, ó dùn mí wọ egungun. Gbogbo àlàyé mi, gbogbo ìjà mi, orúkọ tó wà lára géètì mi, orí ọmọ kékeré kan tó ń dúró de ìjàkadì ni mo kọ́ gbogbo rẹ̀ lé. Mo wo àwo náà bó ṣe ń yí lásán, mo fẹ́ bínú sí i.

"Akín," Ignatius tún wí, ó ti fà sẹ́yìn lórí àga rẹ̀, ó ń wo giramafóònù náà bí ẹni pé ilẹ̀kùn onígi wà lára rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣí. "Ìgbà wo ló máa bẹ̀rẹ̀?"

Mo dìde, mo yí àwo náà sí ojú kejì.

"Ó kù díẹ̀," mo sọ fún un. "Àwọn onífèrè ló tún kù, wọn ò ní pẹ́."

Ó mi orí pé òun gbọ́. Mo fa àga mi sún mọ́ tirẹ̀, mo sì fi abẹ́rẹ́ lélẹ̀. Ignatius di ojú, ó gbé orí sẹ́yìn, ó ń dúró. Èmi ò di tèmi. Òun ni mo ń wò títí àwo náà fi parí.