Àwo Méjì fún Ilé Kan

Àbúrò ti bímọ mẹ́ta, irun funfun sì ti ń yọjú létí gèlè rẹ̀, síbẹ̀ Àbúrò ni gbogbo ẹgbẹ́ olórin náà ń pè é, títí kan onílù wọn tí kò tó o lọ́jọ́ orí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi orúkọ náà lé e lórí níjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gun orí ìtàgé, orúkọ náà sì jókòó síbẹ̀, kò dìde mọ́.

Mẹ́rin péré ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ló ń kọ orin, òun ló sì ń tẹ dùùrù. Nítorí awò ojú rẹ̀, àti bó ṣe máa ń ṣàlàyé ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi í, Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè é. Àbúrò ni olóhùn wọn. Gàgàrà ń ta gìtá, ọkùnrin tó ga débi pé kò sí ẹnu ọ̀nà tí kì í bẹ̀rẹ̀ fún, tí ọ̀rọ̀ sì máa ń ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀ bí eyín adìyẹ. Bàbá Ìbejì ló ń lu ìlù, òun ló sì ń bá Gàgàrà sọ èyí tí Gàgàrà ò sọ. Orin fàájì ni wọ́n ń kọ, orin kéékèèké tí awakọ̀ fi ń wakọ̀, tí ẹni tó ń fọ abọ́ fi ń fọ abọ́. Ohun tí ayé mọ̀ wọ́n mọ́ nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n pe gbogbo wọn jọ sí pálọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ní àwo orin tó kàn kì í ṣe ẹyọ kan mọ́, méjì ni, nínú páálí kan ṣoṣo.

"Ilé yìí la fẹ́ fi kọrin," ó ní, ó sì na ọwọ́ yí pálọ̀ náà ká. "Àwo àkọ́kọ́, láti ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí láàárọ̀ títí di ọ̀sán. Àwo kejì, láti ọ̀sán títí a ó fi paná. Kò ní sí orin kan tí kò ní di ọwọ́ èyí tó tẹ̀ lé e mú."

Bàbá Ìbejì yí orí padà. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé orin la fẹ́ kọ ni, àbí ilé la fẹ́ kọ́?"

"Méjèèjì ni."

"Kò burú. Ẹ ṣáà má ní kí n wá ru búlọ́ọ̀kù."

Nígbà tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde gbọ́, ó di orí mú. "Ta ló ráyè jókòó gbọ́ àwo méjì láyé ìsinsìnyí? Ẹ fún wọn ní orin mẹ́wàá tó dùn, kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ." Ó wá kọjú sí Àbúrò bí ẹni tó ń wá olùgbèjà. Ká sòótọ́, èrò náà kò tíì wọ Àbúrò létí dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú obìnrin tí ń tú aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú àjèjì. "Bí wọ́n ṣe wí náà ni, sà," ló dáhùn, ó sì fi gìgísẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òkè ilé ìtẹ̀wé kan ni yàrá tí wọ́n ti ń gbohùn sílẹ̀ wà. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá gbéra nísàlẹ̀, ilẹ̀ a máa gbọ̀n, wọn a sì ní láti dúró títí á fi sinmi. Obìnrin tó ni yàrá náà, tí òun náà ń gba ohùn wọn sílẹ̀, ni wọ́n ń pè ní Ìyá Dákẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde jù nìyẹn. Tó bá ti ní "Ẹ dákẹ́!", kódà eṣinṣin á wá ibi bà sí. Wọ́n kọ orin ilẹ̀kùn tó ń dún kùẹ́kùẹ́, wọ́n kọ orin omi ìwẹ̀ àti ti bàtà ẹyọ kan tí gbogbo ilé ń wá láàárọ̀. Inú Ọ̀jọ̀gbọ́n ń dùn ṣìnkìn, kò jẹun bó ṣe yẹ, búrẹ́dì àti tíì ló gbẹ́mìí rẹ̀ ró.

Ó kan orin ẹ̀rọ ìránṣọ. Aránṣọ ni ìyá wọn, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ti wà kí a tó bí Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ohùn ẹ̀rọ náà gan-an lòun fẹ́, kò gbọdọ̀ jẹ́ àfarawé. Ni wọ́n bá gbé makirofóònù lọ sí yàrá tí ìyá ti ń ránṣọ. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ìyá ti múra: aṣọ tó dára jù, yẹtí, àtíkè lójú.

"Màámi," Àbúrò ní, "ohùn la fẹ́ gbà o. A ò ya fọ́tò."

"Ohùn tí kò múra, ṣé ẹ rò pé wọn ò ní mọ̀?"

Ó jókòó, ó ń tẹ ẹ̀rọ náà, tàkàtàkà-tàkàtàkà, ó sì dùn gan-an ni. Kò pẹ́ tó fi dúró. "Ṣé mo ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa?" Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tún dúró. "Ṣé kò yá jù?" Gbogbo wọn wo Ìyá Dákẹ́. Obìnrin tí ọba pàápàá kò ní lè sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀ wá ń fọwọ́ pa ọwọ́. "Màámi," ó ní jẹ́jẹ́, "ẹ bá wa… ẹ bá wa sinmi ẹnu díẹ̀." Bàbá Ìbejì sá jáde lọ rẹ́rìn-ín síta. Níkẹyìn, ìyá tẹ̀ ẹ́ dé òpin láìdúró, àfi pé nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó pariwo pé, "Ta ló gbé sísọ́ọ̀sì mi?" Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Inú orin náà ló wà títí dòní.

Ìgbà tí wọ́n jókòó láti da ohùn àwo àkọ́kọ́ pọ̀, kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba, ni wàhálà dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ohùn tó ń ti sípíkà apá òsì jáde kò ròkè tó. Ìyá Dákẹ́ gbé e sókè. Ó ní kò tíì tó. Ó tún gbé e. Gìtá tó wà lápá òsì wá ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ń fọwọ́ ṣe é pé, "Sí i, sí i."

"Ó ti pọ̀," Gàgàrà ní.

Ẹnu ya gbogbo wọn. Bí Gàgàrà bá sọ̀rọ̀, ọ̀ràn ti dé ojú ẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n bínú. "Etí yín ni kò dáa!" Ìyá Dákẹ́ rò pé sípíkà ló bàjẹ́, ó pààrọ̀ rẹ̀. Pàbó ni.

Àbúrò dúró lẹ́yìn wọn. Àwọn ohun tó ti rí láìkà wọ́n sí bẹ̀rẹ̀ sí í to ara wọn lọ́kàn rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, igun àga lápá òsì ni ẹ̀gbọ́n òun máa ń wá jókòó sí, kí gbogbo èèyàn lè wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Àwọn ọmọ òun kí i lọ́jọ́ kan, ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, òun sì rò pé ìgbéraga òkìkí ni. Ó rìn lọ dúró sí apá òsì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí náà, ó wá pè é ní orúkọ èébú tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń tìtorí rẹ̀ lé e káàkiri àgbàlá nígbà tí wọ́n wà ní kékeré.

"Orí Ìṣáná," ó ní.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò mira. Ó ń wo ẹ̀rọ níwájú rẹ̀, ó ń fọwọ́ ṣe é pé, "Sí i."

Ó wá yé Àbúrò. Ó di apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó fà á jáde sórí àtẹ̀gùn.

"Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Kí ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fi mí ṣọmọdé lónìí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún. Nísàlẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbéra, àtẹ̀gùn ń gbọ̀n lábẹ́ wọn. "Kí n tó pè yín jọ sí pálọ̀," ó sọ nígbẹ̀yìn. "Mo jí láàárọ̀, ó dà bíi pé wọ́n ki òwú bọ etí òsì mi. Mo ní yóò ṣí. Kò ṣí."

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnì kankan."

"Bí mo bá sọ, ẹ óò ní ká dúró ná. Tí ìkejì bá wá tẹ̀ lé e ńkọ́? Mo ní kí n kó gbogbo orin tó wà nínú mi síta kí ilẹ̀kùn tó tì. Wọn ò gba inú àwo kan, Àbúrò. Ìdí rẹ̀ nìyẹn."

Àbúrò fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a léjìká, ó sì bú sẹ́kún, ó tún gbá a. "Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú! Ẹnu la fi ń sọ ọ́! Àbí àjèjì ni mo jẹ́ sí yín?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò sá fún ẹ̀ṣẹ́ náà. Ó kàn fà á mọ́ra.

Àbúrò fúnra rẹ̀ ló mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tó ń wo etí yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ó ní tòsì kò ní padà mọ́. Tọ̀tún le koko, ṣùgbọ́n kó jìnnà sí ariwo ńlá.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, sà?"

"Olórin ni mí."

Dókítà wò ó, ó wo Àbúrò, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ máa rọra kọ ọ́ nígbà náà."

Wọ́n sọ fún àwọn yòókù. Gàgàrà dìde, ó gbé àga rẹ̀ láti apá òsì Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó gbé e lọ sápá ọ̀tún, ó tún jókòó. Bàbá Ìbejì náà dìde. Ó kó ọ̀pá ìlù rẹ̀ sínú àpò, ó sì fa sípù rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ọwọ́ lásán ni mo máa fi lu àwo kejì." Ìyá wọn ní tirẹ̀ sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó wá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Nígbà tí etí ẹ pé méjì, ṣé o gbọ́ tèmi ni?" Ó kó àjákù aṣọ jọ, ó rán tìmùtìmù pẹlẹbẹ fún gbogbo ìlù náà, kí ohùn wọn lè rọ̀. Òdòdó lára, bùlúù lára, ìlù wá dà bí àwọn ọmọ tí wọ́n múra fún ọdún.

Báyìí ni àwo kejì ṣe di ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀. Ohùn orin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ròkè ju ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ. Àbúrò, tó ti fi ogún ọdún kígbe lórí ìtàgé, wá rí i pé ohùn mìíràn wà nísàlẹ̀ ohùn òun, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí òun kò mọ̀ pé òun ní. Bí wọ́n bá ń da ohùn pọ̀, apá òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń jókòó láti bá a gbọ́ ti ibẹ̀, á wá nà sí etí ọ̀tún rẹ̀ láti sọ fún un: gìtá ti tó, ìlù kò tíì tó.

Ìjà ò ṣàì sí. Orin ọ̀sán kan wà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ kó gba odidi ojú àwo kan.

"Ẹ̀gbọ́n, orin yìí gùn ju ọ̀sán fúnra rẹ̀ lọ."

"Etí òsì ni mo ní kí o bá mi jẹ́. N ò ní kí o jẹ́ orí mi."

"Etí tó gbọ́ ohun tí kò dáa, tó wá panu mọ́, ọ̀ṣọ́ lásán ni."

Ọ̀jọ̀gbọ́n bínú jáde. Ó lọ dúró ti àwọn atẹ̀wé nísàlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá padà pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná lábẹ́ abíyá. "Gé e," ó ní. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá orin ló ń sọ ni, àbí búrẹ́dì. Wọ́n gé méjèèjì.

Ààyè tó ṣẹ́kù nínú àwo náà kò pẹ́ ṣófo. Gàgàrà bẹ̀rẹ̀ sí í ta orin kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n kò mọ̀. "Ta ló kọ ìyẹn?" Gàgàrà fi àgbọ̀n tọ́ka sí Àbúrò. Orin tó fi ń rẹ àwọn ọmọ rẹ̀ sùn ni; ibi tó ti ń kùn ún lẹ́nu ni Gàgàrà ti gbọ́ ọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó kọ ọ́. Ó kọ ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ etí ọ̀tún sí i títí tó fi parí, ó ní, "Èyí ni a ó fi paná." Kò ṣàlàyé kankan lé e.

Àwo náà jáde. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní àkọ́kọ́ yóò tà. Èkejì, òun ò mọ̀, ṣùgbọ́n òun ti gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́, ìyàwó òun ò sì gbà kí òun mú un kúrò nílé. Ìwé ìròyìn kan ní ó gùn jù. Bàbá Ìbejì ka ìyẹn sókè fún wọn bí ẹni ń ka ìwé ìpè. Kò tà bíi búrẹ́dì, ṣùgbọ́n kò dẹ́kun títà: ẹni kan á rà á, ẹni náà á sọ fún ẹnì kejì.

Lọ́jọ́ kan, Àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rìn bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá wọn. Ní àdúgbò tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wọ́n, obìnrin kan ń sá aṣọ sórí okùn lókè ilé, ó sì ń kọrin. Apá òsì ni ilé náà wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ ní tirẹ̀, kò mọ̀. Àbúrò dì í léjìká mú, ó yí i padà bí ẹni ń yí àga.

Orin ọ̀sán wọn ni. Obìnrin náà gbàgbé ọ̀rọ̀ ìlà kejì, ó sì fi tirẹ̀ dí àlàfo náà.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe lọ," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, ó ti ń gbé ọwọ́ sókè láti pè é.

Àbúrò fa ọwọ́ náà wálẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́. Tirẹ̀ dùn ju tiyín lọ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ́tí sí i títí aṣọ fi tán nínú báàfù obìnrin náà. "Ó dùn ju tèmi lọ lóòótọ́," ó ní, wọ́n sì ń bá ọ̀nà wọn lọ.