Jẹnẹrétọ̀ Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Àwọn òyìnbó tí ìlú wọn rán wá láti bá ìjọba tún iléeṣẹ́ iná ṣe ń bọ̀ ní Ìdànrè, làwọn èèyàn wa bá ya wèrè. Agatha, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ilé ìgbẹ̀bí ní Aládé, ìlú kan nínú Ìdànrè, ń wò wọ́n, ó ń yínmú. Tiransifọ́mà kan péré lòun ń wá. Iná tó ń dé Aládé ò lágbára. Bó bá yọjú láàárọ̀, kì í dọ̀sán. Fìríìjì rẹ̀ kì í tutù, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń gbé wá láti Àkúrẹ́ ń bàjẹ́ sínú rẹ̀, èéyi sì ń pa ọmọ ọlọ́mọ. Ìlú tí àwọn òyìnbó bá sì rí i pé kò níná ni wọn yóò fún ní tiransifọ́mà. Ọ̀rọ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wá gbọ́ tẹnu Olúsànmí, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n fi ṣe alága ìgbàlejò.

"Kí àlejò wá bá wa nínú òkùnkùn? Kí wọ́n padà sílé lọ máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Bàbá, òkùnkùn yẹn gan-an ni wọ́n wá wò," ni Agatha wí.

"Ta ló ń gbàlejò sínú ìdọ̀tí, Agatha? Bí ìyá rẹ ṣe tọ́ ọ nìyẹn?"

Àwọn àgbà ń mirí pé òótọ́ ni. Inú bí Agatha gan-an. Agbádá ńlá, gíláàsì lójú, ìwé rẹpẹtẹ, síbẹ̀ kò sí òye tó tó ṣíbí kan láàrin gbogbo wọn!

Wọ́n yá jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ Felix tó ń ra kòkó ní Owena. Wọ́n gbé e pamọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, wọ́n fa wáyà wọ gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n sì fà á dé ilé ìgbẹ̀bí. Nítorí ariwo rẹ̀, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ akọrin máa kọrin láìdákẹ́ títí àlejò yóò fi lọ. Àwọn yẹn kígbe títí ohùn wọn fi há.

Àwọn ọ̀mọ̀ràn òkè òkun náà dé. Iná ni wọ́n kà níwèé, iná ni wọ́n fò wá wò, síbẹ̀ wọn ò gbọ́ ẹ̀rọ tó ń bú ramúramù lẹ́yìn ògiri. Ọ̀gá wọn, tí oòrùn ti sọ imú rẹ̀ di ata rodo, ní orin náà dùn. Ó pàtẹ́wọ́. Ó jẹyán, ó mẹmu, ó wá wọ ilé ìgbẹ̀bí, ó ki ọwọ́ bọ fìríìjì. Ó tutù nini.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé báyìí niná ṣe máa ń wà níbí?" ló béèrè.

Ìbéèrè yìí ni Agatha ti ń dúró dè. Ó la ẹnu, ló bá rí àwọn àgbà lẹ́yìn òyìnbó, tí òógùn bò wọ́n, tí wọ́n tẹjú mọ́ ọn, tí wọ́n ń fojú bẹ̀ ẹ́. Ìtìjú ìlú rẹ̀ mú un.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló wí. "Báyìí ló máa ń wà."

Tiransifọ́mà gba ìlú mìíràn lọ. Felix wá gbé ẹ̀rọ rẹ̀. Agatha bú Olúsànmí, ó bú òyìnbó, ó bú gbogbo ìlú; bó bá wá ku òun nìkan, ara rẹ̀ ló máa ń bú jù.

Lọ́jọ́ kan, Ọmọlará, ìyàwó àgbẹ̀ kan, fẹsẹ̀ rìn wá láti oko kòkó, ó pọn ọmọ.

"Mà, ẹ bá mi gún un lábẹ́rẹ́. Èéyi ti wọ abà wa."

"Kò sí, Ọmọlará. Ó ti bàjẹ́."

"Báwo ló ṣe bàjẹ́? Wọ́n kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé iná ò kí ń lọ níbí mọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún òyìnbó."

"Irọ́ ni mo pa," ni Agatha wí.

Ọmọlará ò bú u. Ó tún ọ̀já rẹ̀ so, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ padà síbi tí èéyi wà.