Ààyè tí Foufili Yà Sílẹ̀

Mo ti ki ọ̀bẹ pẹlẹbẹ bọ abẹ́ ẹní tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí náà, mo ń tì í síwájú díẹ̀díẹ̀, nígbà tí Feleti gun alùpùpù rẹ̀ wọ àgbàlá. N kò gbójú sókè. Ó ti pé ọdún kan tí ìjì ńlá ti ká òrùlé ilé náà lọ, láti ìgbà náà ni òjò sì ti ń rọ̀ sórí àpótí. Ikán ti jẹ igun kan rẹ̀ tán. Bí mo bá fi agbára fa ẹní náà, yóò ya, ohun tí wọ́n wé sínú rẹ̀ yóò sì bá a ya.

"Tíṣà, ẹ ṣì wà níbí?" Feleti fẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́. "Wọ́n ní láti Ọjọ́bọ̀ lẹ ti wà níbí. Ṣé wúrà lẹ ń wá ni?"

"Ìwé ni."

"Ìwé! Nínú ilé tí eku ti ń gbé látọdúnnìí? Àwọn eku yẹn á ti kàwé dé ìwé mẹ́fà."

"Tí wọ́n bá ti kà á débẹ̀, wọ́n sàn jù ẹ́ lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ ẹ, o ò mọ ìsọdipúpọ̀ títí dòní."

Ó rẹ́rìn-ín. Òun ni ó ń wa katapílà ìjọba ní erékùṣù wa, kò sì wá bá mi ṣeré. Ó wá wo ibi tí yóò wó ni. Ó ní, "Lọ́jọ́ Ajé o, Tíṣà. Aago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ má sọ pé mi ò sọ fún yín."

Mo gbọ́. Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ náà. Ọ̀la rẹ̀ ni ọjọ́ Ìsinmi, kò sì sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi ní Niue, erékùṣù wa. Ẹni tó bá ju ìwọ̀ sínú òkun lásán, gbogbo ìjọ ni yóò gbọ́. Ohun tí mo bá máa rí nínú ilé yìí, kí oòrùn tó wọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ rí i.

Mokafetu jókòó sórí ibojì níta, lójú fèrèsé gan-an, ó ń wò mí. Ìyá àgbà ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni. Ibojì tó jókòó lé jẹ́ ti Ligi, ìyàwó Foufili tó kọ́ ilé náà. Ligi ló tọ́ ọ dàgbà. Ìyá Mokafetu kú ní Liku, ní apá kejì erékùṣù, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, Ligi sì gbé e wá sí ilé yìí. Kò tíì fi ibẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà náà. Àwọn ọmọ Foufili lọ sí Auckland ní New Zealand, àwọn ọmọ wọn tẹ̀ lé wọn, Mokafetu nìkan ló kù. Nígbà tí òrùlé ilé ńlá lọ, ó kó sínú ilé ìdáná ẹ̀yìn, ó ń gbá ojú ibojì láràárọ̀, ó sì ń fi ẹfun kùn wọ́n lọ́dọọdún.

Ilé mọ́kànlélógún ló wà ní abúlé wa. Méje ni iná ń tàn nínú wọn, tèmi àti ti Mokafetu wà lára rẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì sọ fún Mokafetu pé ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀. Kò béèrè oògùn. Ọ̀dọ̀ mi ló wá, ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí Taumata ní Auckland. Ọmọ ọmọ Foufili ni Taumata, òun sì ni olórí ẹbí báyìí. Láìsí àṣẹ rẹ̀, a kì í sin ẹnikẹ́ni sórí ilẹ̀ náà. Iwájú ilé ni a ń sin òkú sí lọ́dọ̀ wa, kí èèyàn lè kí wọn bó bá ń jáde. Ẹ̀gbẹ́ Ligi ni Mokafetu fẹ́ sùn sí.

Ìdáhùn Taumata kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ó ní òun kò mọ Mokafetu mọ́ àwọn ọmọ ilé. Ó ní òun ti fi ilẹ̀ náà fún ìbátan òun kan láti kọ́lé sí, láti ẹ̀gbẹ́ ibojì tó kẹ́yìn, àti pé katapílà yóò wá wó ilé tí kò lórùlé náà, yóò sì tẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà àwọn ní ìwé kan tó kọ gbogbo ará ilé sí. Bí Mokafetu bá wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sin ín síbẹ̀. Bí kò bá sí, kí wọ́n gbé e padà sí Liku.

Ní Liku, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Ta ni yóò kun ibojì rẹ̀ lẹ́fun?

Ẹní náà gbà. Mo gbé e jáde bí ẹni gbé ọmọ tuntun, mo tẹ́ ẹ sórí pákó tí mo ti nà sábẹ́ igi búrẹ́dì, igi tí èso rẹ̀ ń jẹ bí iṣu, nínú àgbàlá. Mokafetu dìde.

"Ṣé òun ni?"

"N kò tíì mọ̀. Ẹ jókòó, Màmá."

"Ẹ jẹ́ ká sá a sóòrùn, Tíṣà. Ó ti rin gbingbin."

"Ẹ ò ní sá nǹkan kan."

Ó mọ ohun tí mo ń sọ. Ní Ọjọ́bọ̀, mo rí ìdì lẹ́tà kan nínú dúrọ́ọ̀, mo gbé e kalẹ̀, mo lọ mu omi. Kí n tó dé, ó ti tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí òkúta gbígbóná, ọ̀kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí gbogbo obìnrin ibí ti ń sá ewé tí wọ́n máa fi hun ẹní. Wọ́n ti ká bí ewé tí iná jó. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn wọ́n ni wọ́n rún. Mo pariwo mọ́ ọn. Ó ní, "Ohun tó bá tutù là ń sá. Báwo ni wọ́n ṣe kọ́ ẹ̀yin?" Ìwé tó gbẹ lójijì a máa kú lójijì. Abẹ́ òjìji ni, níbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, ewé kan lẹ́yìn èkejì. Kò sí ẹni tí yóò mọ ohun tó wà nínú àwọn lẹ́tà yẹn láé.

Nínú ẹní ni aṣọ èèpo igi wà, nínú aṣọ náà ni ìwé wà. Ó nípọn tó ìka méjì, èèpo rẹ̀ dúdú, orúkọ Foufili sì wà lórí rẹ̀.

Wákàtí mẹ́ta ni mo fi ya àwọn ojú ewé àkọ́kọ́ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo ń fi ọ̀bẹ là wọ́n, mo ń fi ìwé ìròyìn gbígbẹ sáàárín wọn. Pẹ́ńsùlù elése àlùkò ni bàbá náà fi kọ ọ́, irú èyí tó máa ń ṣàn bí aró bí omi bá kàn án. Ọ̀pọ̀ ìlà ti ṣàn. Síbẹ̀ mo rí i kà: àwọn ọmọ tí wọ́n bí nínú ilé náà, ọjọ́, oṣù, ẹni tó gbẹ̀bí wọn. Orúkọ mẹ́tàlélógójì. Mo kà wọ́n sókè fún Mokafetu. Ó ń dá mi lóhùn bí mo ti ń kà: "Ìyẹn jábọ́ lórí àgbọn." "Ìyẹn lọ́yàyà, ṣùgbọ́n olè ni." "Ìyẹn wà ní Auckland. Ìyẹn náà. Ìyẹn náà."

Mo dé orúkọ kẹtàlélógójì. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú ewé mẹ́rin tí a kò kọ nǹkan sí.

"Kò sí mi níbẹ̀," ni ó wí.

Mo tún yẹ ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò.

"Wọn ò bí mi síbí, Tíṣà. Kí ló máa gbé mi débẹ̀? Ẹ pa á dé. Ẹ ti ṣe é." Ó na ọwọ́, ó fi gbọn ewé gbígbẹ kan kúrò lórí ibojì Ligi. "Ọ̀nà Liku ò dáa. Kí wọ́n má kàn mì mí ju bó ṣe yẹ lọ."

Mo wo ìwé náà. Ìdajì rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ra lẹ́yìn àwọn ojú ewé òfìfo. Mo tún wo ìkọ̀wé bàbá náà, tó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, tó kọ dé etí ìwé lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹni tó ń kọ̀wé báyìí kì í fi ìdajì ìwé ṣòfò.

Nípa lẹ́tà ni mo fi kàwé. Wellington ni ẹ̀kọ́ mi ti ń wá, ọkọ̀ òkun ń gbé e dé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ìwé ìkọ̀wé méjì péré ni wọ́n sì ń fún mi fún oṣù mẹ́ta. Iwájú ni mo ń kọ ìṣirò sí. Nígbà tí mo bá ní ẹ̀kọ́ mìíràn, mo máa ń dojú ìwé náà dé, mo ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Gbogbo wa tí ìwé wọ́n lójú wa là ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sì gbà mí ní wákàtí mẹ́ta kí n tó rántí.

Mo dojú ìwé Foufili dé. Mo ki ọ̀bẹ bọ abẹ́ èèpo ẹ̀yìn.

Àwòrán ilẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ilé náà, ọ̀nà, igi búrẹ́dì tí a wà lábẹ́ rẹ̀, àti ààyè ibojì méjìdínlógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹni tí yóò sùn síbẹ̀ àti iye ẹsẹ̀ tó fi jìnnà sí ògiri. Lápá òsì Ligi, ó kọ ọ́ ní ọdún 1921 pé: *Mokafetu, ọmọ tí Ligi gbé wá láti Liku. Kó sún mọ́ ọn, nítorí òkùnkùn máa ń bà á lẹ́rù.*

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo tún un kà nígbà tí ó ní kí n tún un kà.

"Ó ṣì ń bà mí lẹ́rù," ni ó wí.

Ilé pásítọ̀ nìkan ni tẹlifóònù wà lábúlé wa. Mo da àwòrán náà kọ sórí ìwé òfìfo kan tó gbẹ kí n má bàa gbé èyí tó tutù kiri, mo sì lọ. Mo pe Auckland, Taumata sì gbé tẹlifóònù.

"Mahelina? Tíṣà Mahelina? Ṣé ìyá yẹn ti kú ni?"

"Kò kú. Mo ti rí ìwé bàbá àgbà yín." Mo kà á fún un gẹ́gẹ́ bó ti wà.

Ó ní, "Àwọn mélòó ló wà nínú àwòrán yẹn?"

"Méjìdínlógún."

"Mélòó ló ti wà nílẹ̀?"

"Márùn-ún."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ wà níbẹ̀. Ọdún tí wọ́n bí yín ló fi yín kún un. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹsẹ̀ mẹ́tàlá sí ògiri."

"Mo ti ra ibi tèmi síbí, Tíṣà. Ìyàwó mi ti wà níbẹ̀."

Mo fi ìka tẹ ibi tí mo da orúkọ rẹ̀ kọ sí.

"Ẹ sọ fún Feleti kó má fọwọ́ kan ti ìyá yẹn," ni ó wí nígbà tó yá. "Ti ìyá yẹn, àti... ẹ jẹ́ kó fi tèmi náà sílẹ̀."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Àwọn yòókù ò ní padà wá."

Mo padà lọ sọ fún Mokafetu. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nílé pásítọ̀ ti dé etí Feleti, ó sì ti dé pẹ̀lú okùn àti òkúta etíkun. N kò bẹ̀ ẹ́. A fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ náà láti ògiri, bí bàbá ti kọ ọ́, a sì to òkúta yí ààyè méjèèjì ká.

"Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa o," ni Mokafetu ń wí lórí wa. "Ọmọ ọdún márùn-ún ló wọ̀n ọ́n fún. Mo ti ga díẹ̀ sí i."

"Díẹ̀ kọ́, Màmá," ni Feleti wí. "Katapílà nìkan ló lè gbé yín."

"Tìẹ náà ń bọ̀. Orí katapílà yẹn ni wọ́n máa sin ẹ́ sí."

Mokafetu fi ẹfun kun òkúta tirẹ̀. Nígbà tó kan ti Taumata, ẹfun kò tó mọ́, ó sì fi í sílẹ̀ láìkùn.

Mo fi ìwé ìròyìn gbígbẹ wé ìwé náà. N kò fi ọ̀rá wé e, nítorí ọ̀rá a máa làágùn. Ọjọ́ Ajé ni n óò gbé e lọ sí Alofi, sí yàrá tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ìwé àtijọ́ erékùṣù sí. Títí di ìgbà náà, yàrá mi ni yóò wà, níbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá.

"Ẹ ò lè fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi títí di ọjọ́ Ajé?"

"Rárá, Màmá. Ẹ máa sá a."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òtítọ́ ni. Mo fún un ní èyí tí mo dà kọ. Ó ká a, ó fi í sí àyà aṣọ rẹ̀, ó sì padà lọ jókòó sórí ibojì Ligi, ní apá òsì.

Mo so ìwé náà mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù mi, mo kúrò níbẹ̀. Oòrùn ń wọ̀, agogo ṣọ́ọ̀ṣì sì ti ń dún pé kí á pa iṣẹ́ tì. Mo ka iná bí mo ti ń kọjá, pẹ̀lú ti Mokafetu tó wà lẹ́yìn mi. Mẹ́fà ni. Ìkeje ni tèmi, kò sì sí ẹni tí yóò tàn án kí n tó dé.