Ìgò Bọ́tìnnì Ojú Fèrèsé

Oòrùn ọ̀sán a máa gba ojú fèrèsé wọ yàrá iṣẹ́ wa. Á gba inú àwọn ìgò bọ́tìnnì ìyàwó mi kọjá kó tó dé orí tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ. Ògiri á pọ́n díẹ̀, á ṣe bí àwọ̀ ewé, á ṣe bí àwọ̀ oyin. Bí ooru áyọ́ọ̀nù bá tún ru sókè, tí máṣíìnì ìránṣọ sì ń kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ ìyàwó mi, mo lè gbàgbé pé ẹ̀wù ọlọ́pàá ni mò ń lọ. Alágbàfọ̀ ni mí, aránṣọ ni ìyàwó mi. Yàrá kan náà la jọ ń lò, oorun kan náà ló sì máa ń kùn wá lọ́sàn-án.

Bọ́tìnnì tó bá já lára aṣọ àwọn oníbàárà, tí n kò mọ ẹni tó ni ín, èmi ni mo ń ṣà á nílẹ̀. Ìyàwó mi á yà wọ́n sọ́tọ̀, pupa sínú ìgò pupa, funfun sínú ìgò funfun. Kì í béèrè ibi tí bọ́tìnnì ti wá. Àwọ̀ nìkan ló ń wò.

Lọ́dún tó kọjá, oyún kan dúró sí i lára, kò sì pẹ́ tó fi wálẹ̀. N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn, ó dùn wá wọra. Àmọ́ lọ́sẹ̀ náà, màmá mi jókòó ní pálọ̀, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Kò kúkú lo nǹkan kan. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọn kì í lo nǹkan." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo wo ẹnu ọ̀nà yàrá. Mo rò pé ìyàwó mi ti sùn.

Nígbà tó tún fẹ́ra kù lọ́dún yìí, ìgò oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé bí àlejò. Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, pupa, àti hóró kékeré kan, pupa rúsúrúsú. Màmá mi gbé òróró ẹ̀dọ̀ ẹja wá, kápúsù tó ń dán bí oyin. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi gbé fítámì ńlá kan wá, ó ní òun ló jẹ́ kí ọmọ òun mọ̀wé. Ọmọ náà kò tíì mọ ìwé kankan, ṣùgbọ́n ta ló máa bá ẹ̀gbọ́n ìyàwó jiyàn? Tíṣà kan tó máa ń gbé aṣọ wá rán lọ́dọ̀ wa mú tirẹ̀ wá, pupa fòò, ó ní ti ojú ọmọ ni.

"Ṣé gbogbo èyí lo fẹ́ lò?" mo bi í.

"Ti ta ni kí n dá padà? Ti màmá yín ni, àbí ti ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mi ò ní kó o dá ti ẹnikẹ́ni padà. Mo ní ṣé o máa lò ó ni?"

"Ẹ̀yin ọkùnrin! Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ṣé ẹ̀yin ni wọ́n máa bi?"

Mo gbé áyọ́ọ̀nù mi, mo padà sídìí aṣọ.

Ìdérí àwọn ìgò oògùn náà le, ìwé ara wọn sì rí wúruwùru lójú ìyàwó mi. Ló bá ṣe wọ́n bó ṣe ń ṣe ohun gbogbo. Ó sọ àwọn ìgò oògùn náà nù, ó da bọ́tìnnì sínú àpò kan, ó da oògùn sínú ìgò bọ́tìnnì, àwọ̀ sí àwọ̀. Pupa ti nọ́ọ̀sì àti pupa ti tíṣà di ọmọ ìyá. Láràárọ̀, á mú nínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó má fojú pa ẹnikẹ́ni rẹ́. Pupa, á mú méjì, kó má bàa jẹ́ pé ti nọ́ọ̀sì lòun fò. Èmi náà, bí mo bá rí hóró kan nílẹ̀ lábẹ́ máṣíìnì, màá gbọn eruku ara rẹ̀ nù, màá dá a padà sáàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ògiri wa tún pọ́n sí i. Ó rẹwà, n kò ní purọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun lá àlá. Ó ní ọmọ kékeré kan wọ yàrá iṣẹ́ wa, ẹ̀wù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láyà, ó ní, "Ẹ bá mi dé e." Ó ní òun da gbogbo ìgò sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọmọ náà ń mú wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn sójú oòrùn, ó ń sọ pé, "Tèmi kọ́. Tèmi kọ́."

"Kí lo wá ṣe?" mo bi í.

"Ibi tí mo ti ń wá òmíràn fún un ni mo ti jí."

Kò pẹ́ sígbà náà ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ètè rẹ̀ bó, oúnjẹ kò dúró. Màmá mi ní oyún ló ń ṣe é, kó fi kún òróró ẹja. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ tíṣà, etí rẹ̀ jó. Mo ní kí gbogbo wa dìde, ó di ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Yàrá nọ́ọ̀sì kéré, kọ́tìnnì aláwọ̀ ojú ọ̀run ló pín in sí méjì. Màmá mi jókòó sí ẹ̀bá ògiri, báàgì lórí itan. Nọ́ọ̀sì béèrè ohun tí ìyàwó mi ń lò yàtọ̀ sí tiwọn. Ìyàwó mi to àwọn ìgò náà sórí tábìlì.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ bá mi rán bọ́tìnnì ni?" Ó mú hóró kan. "Kí lèyí?"

"Pupa ni."

"Mo rí i pé pupa ni. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Ìyàwó mi yí ìgò náà po, kò sí ìwé kankan lára rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú nọ́ọ̀sì.

"Fítámì kan wà tó pọ̀ nínú òróró ẹ̀dọ̀ ẹja," ó ní. "Ó dáa níwọ̀nba. Bó bá pọ̀ jù, pàápàá nígbà tọ́mọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di èèyàn nínú, ó lè pa ọmọ lára. Ó lè wà nínú èyí, kó tún wà nínú tọ̀hún. Ẹ rò pé oore ẹni mẹ́ta lẹ̀ ń gbé mì, kó sì jẹ́ ohun kan náà. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Kí ló dé tẹ́ ò kọ́kọ́ bi wá?"

Ìyàwó mi ń wo orúnkún rẹ̀.

"Torí èyí tó lọ," ó ní. "Mi ò lo nǹkan kan. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tó fi lọ. Mo gbọ́ ọ látinú yàrá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo gbọ́ ohùn màmá mi, ó tín-ín-rín.

"Èmi ni, nọ́ọ̀sì. Èmi ni mo sọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì kò bá wọn jà. Ìyàwó mi ló kọjú sí. "Irú oyún tó bá lọ níbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tí ìyá ṣe, kò sì sí ohun tí kò ṣe. Ẹ gbọ́ mi?" Ìyàwó mi bú sẹ́kún. Ẹkún ọdún tó kọjá ni.

Wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́yìn kọ́tìnnì, wọ́n tan ẹ̀rọ tó ń wo inú. Ohun kan yọ lójú ẹ̀rọ, ó fẹ́ jọ ooru tó ń ru lára aṣọ tútù. Ó mira. Ọkàn rẹ̀ ń lù kíákíá, bíi máṣíìnì ìyàwó mi nígbà tí oníbàárà bá dúró tì í.

"Ohun tí mo lè rí, ó pé," nọ́ọ̀sì ní. "Èyí tí mi ò lè rí, mi ò ní purọ́ fún yín. A ó máa wò ó."

Ó gba gbogbo oògùn náà, ó fún un ní tuntun, méjì péré, nínú páálí wọn. Màmá mi gbé àwọn ìgò òfìfo náà lé itan délé.

Àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e gùn. Ìbẹ̀rù ń bá wa jí, ó ń bá wa sùn. Ògiri wa funfun, oòrùn kàn ń kọjá ni. Màmá mi wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń fọ aṣọ, ṣùgbọ́n wọn kì í wo ojú ìyàwó mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, ìgò tuntun lọ́wọ́. Ó ní èyí yàtọ̀, èyí kì í pani lára.

Ìyàwó mi dá máṣíìnì dúró. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ikùn rẹ̀ yẹn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Mi ò ní gbà á."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹ̀ sẹ́yìn. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí màmá mi wà. "Màmá! Ẹ ò gbọ́ ohun tọ́mọ yìí ń sọ sí mi?"

"Mo gbọ́ ọ," màmá mi dáhùn. "Mo gbọ́ ọ látinú yàrá. Ìyàwó mi ti sọ̀rọ̀."

Ìyàwó mi bojú wo ibi tí ohùn màmá mi ti wá. Lẹ́yìn náà ló padà sídìí máṣíìnì.

Ó bí ọmọbìnrin. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó tẹ etí, ó la ẹnu wò, màmá mi sì di ọwọ́ mi mú títí ó fi ń dùn mí. Ó pé, tọwọ́ tẹsẹ̀.

Ẹ̀wù àkọ́kọ́ tí ìyàwó mi rán fún un, okùn aṣọ ló fi sí i láyà. Mo wo àwọn ìgò ojú fèrèsé, bọ́tìnnì ti kún wọn padà. Mo bi í pé ṣé bọ́tìnnì tán ni.

"Kò tán," ó ní, ó ń so okùn náà. "Ṣebí ó ti sọ fún wa lójú àlá pé tòun kọ́."