Ìlà Tó Kọ̀ Tí Kò Tẹ́jú

Ọjọ́ kẹta rèé tí Ìyá Ìbejì àti ẹ̀rọ kan ti ń wo ara wọn bí ológbò àti eku, a ò sì tíì mọ èyí tó jẹ́ ológbò nínú àwọn méjèèjì.

Onímọ̀ kẹ́místírì ni Ìyá Ìbejì. Ẹ̀rọ náà ò ju ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, tí ẹ́ńjìnnì kékeré ń yí bí òkòtó. Pilátínọ́ọ̀mù roboto kan wà nísàlẹ̀ ọ̀pá náà, kò tó bọ́tìnnì ẹ̀wù, òun ló ń kan omi ásíìdì inú ife gíláàsì. Iná tí wọ́n fẹ́ wọ̀n gbọ́dọ̀ gba ara ọ̀pá náà kọjá bó ṣe ń yí lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí búrọ́ọ̀ṣì èédú kéékèèké méjì fi fún un mọ́ra lọ́tùn-ún lósì. Tí gbogbo ẹ̀ bá lọ bó ṣe yẹ, kọ̀ǹpútà á ya ìlà kan tó rọra gùnkè, tó wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì. Ìlà ti Ìyá Ìbejì ń ta sókè sódò, bí ìgbà tí adìẹ bá ń tan ilẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá wọn wo ojú kọ̀ǹpútà, ó mí kanlẹ̀.

"Ọwọ́ ẹ ni."

"Ọwọ́ mi báwo, sà?"

"Kò balẹ̀. Ẹ̀rọ máa ń mọ̀ tí ọkàn èèyàn ò bá balẹ̀. Ọjọ́rú ni mo fẹ́ ìlà yẹn o." Ó bá tiẹ̀ lọ.

Inú bí Ìyá Ìbejì, àmọ́ ta ni yóò wí fún? Ó ká apá aṣọ sókè. Ó kọ́kọ́ fura pé bóyá afẹ́fẹ́ tíńtín kan ló há sábẹ́ pilátínọ́ọ̀mù, bí ìgbà tí ọṣẹ bá hó. Ó na gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì wò ó láti ìsàlẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ó tún rò pé iná ara àwọn ẹ̀rọ yòókù ló ń dà á láàmú. Ó yọ fáànù. Ó yọ fíríìjì. Ó ní kí gbogbo ènìyàn pa fóònù. Odindi wákàtí mẹ́ta ni gbogbo láàbù fi ń làágùn nítorí ìlà kan. Wàrà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi pamọ́ sínú fíríìjì tiẹ̀ ti kan, fíríìjì tí òun fúnra rẹ̀ lẹ ìwé "Ẹ má gbé oúnjẹ síbí" mọ́ lára.

Lọ́sàn-án ló tó yọ búrọ́ọ̀ṣì méjèèjì. Wọ́n ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ó fi òwú àti sípíríìtì nù wọ́n, ó dá wọn padà, ìlà bá tẹ́jú! Ó jó yí tábìlì ká. Nígbà tó máa fi di àárọ̀ ọjọ́ kejì, adìẹ ti padà sórí ilẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ bá a ní kíṣìnì níbi tó ti fi etí ti bílẹ́ńdà.

"Ìyá Ìbejì, tòmátì yẹn ti di omi láti àná. Kí lò ń gbọ́?"

"Mò ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rọ wa kì í ṣe báyìí. Tí mo bá tún un ṣe lọ́sàn-án, á dáa. Tó bá di àárọ̀, á tún ya wèrè."

Tíṣà ni ọkọ. Ó pa bílẹ́ńdà. "Tí ṣọ́ọ̀kì bá ń sọnù ní kíláàsì mi, ṣọ́ọ̀kì kọ́ ni mo máa ń bi. Ta ló ń kọ́kọ́ dé ibẹ̀ láàárọ̀?"

Ìyá Ìbejì gbé etí kúrò lára bílẹ́ńdà.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, aago mẹ́fà ààbọ̀ ti bá a lẹ́nu ọ̀nà láàbù. Ilẹ̀kùn ti ṣí. Bàbá, bí gbogbo wọn ṣe ń pe àgbà òṣìṣẹ́ tó ti ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àti irinṣẹ́ ibẹ̀ láti ọdún méjìlélógún, dúró ti ẹ̀rọ náà, ó mú agolo kékeré kan lọ́wọ́, ó ń kán epo sára ọ̀pá, tó, tó, tó.

"Mu, ọkọ mi," ó ń wí fún un. "Mu dáadáa."

"Bàbá!"

Bàbá fò sókè, epo dà sí bàtà rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń tọ́jú ẹ̀ ni. Ó ti ń han bí eku láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Epo màṣíìnì ìránṣọ ìyàwó mi nìyí, ojúlówó ni. Àràárọ̀ ni mò ń fún un. Mo tiẹ̀ ti ń retí kó o dúpẹ́."

Ìyá Ìbejì jókòó. Ẹ̀rín gbé e, ẹkún náà fẹ́ gbé e, kò mọ èyí tí yóò jẹ́ kó ṣíwájú. Ó ṣàlàyé fún Bàbá pé epo náà ń ṣàn dé ara búrọ́ọ̀ṣì, iná kì í sì í gba inú epo kọjá. Ojú Bàbá rẹ̀wẹ̀sì.

"Ṣé èmi ni mo wá ń bà á jẹ́? Ọ̀gá ló ní kí n fi epo sí i! Ó ní ariwo ẹ̀ ń fọ́ òun lórí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wá gba ìlà rẹ̀ ti dúró lẹ́yìn wọn. Ó wúkọ́.

"Mo ní kẹ́ ẹ wá nǹkan ṣe sí i ni. Mi ò dárúkọ epo."

"Ẹ dárúkọ ẹ̀, sà. Ẹ tiẹ̀ ní kí n má ṣahun."

"Sà," Ìyá Ìbejì rọra béèrè, "ṣé ọkàn yín balẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni tí wọ́n kọ èsì sí i níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì nu ọ̀pá náà, ó ki búrọ́ọ̀ṣì tuntun bọ̀ ọ́, Bàbá ń tan tọ́ọ̀ṣì fún un. Wọ́n tàn án. Ẹ̀rọ han goorogo, Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ di etí. Ìlà gùnkè, ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Bàbá sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Kí tiẹ̀ ni ìlà yìí wà fún?"

Ìyá Ìbejì ṣíwọ́. Ọdún méjìlélógún, ẹnì kan ò sọ fún un rí.

"Ẹ jókòó, sà." Ó fa àga fún un. "Afẹ́fẹ́ wà nínú omi yìí. Ara pilátínọ́ọ̀mù ni iná ti ń lò ó, ìlà yìí ló sì ń sọ bí iná náà ṣe pọ̀ tó. Bí ọ̀pá bá ṣe ń yára yí tó, bẹ́ẹ̀ ni omi tuntun á ṣe máa dé ibẹ̀, tí ìlà á sì máa ga sí i."

"Irọ́!"

"Ẹ yí bọ́tìnnì yẹn wò."

Bàbá yí i. Ẹ̀rọ túbọ̀ han, ìlà gbéra, ó lọ tẹ́ sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá yọ fóònù lápò kíá, ó pe ìyàwó rẹ̀ nílé.

"Ìwọ obìnrin yìí," ó kígbe, "fi aṣọ tó ò ń rán yẹn sílẹ̀ ná! Mo ti gbé ìlà sókè!"