Ẹni Tó Lọ sí Bọ́mà

Nígbà ogun Hítílà, wọ́n ní kí agboolé kọ̀ọ̀kan ní Ìwàrà fi ọkùnrin kan sílẹ̀. Orúkọ Ògúnmọ́lá ni olórí ilé wọn fi ránṣẹ́. Ògúnmọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni, jìnnìjìnnì sì bò ó. Ni Ẹkúndayọ̀, àbúrò rẹ̀, bá lọ jẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú òyìnbó. Nígbà tó ti Bọ́mà dé, orúkọ Ògúnmọ́lá náà ló wà nínú ìwé sójà rẹ̀. Ó kó ìwé náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, “Orúkọ yín ni. Oko kòkó ni tèmi.” Ìwé yẹn ni Ògúnmọ́lá fi gba iṣẹ́ mẹ́sénjà ìjọba n'Iléṣà, nítorí àwọn sójà àtijọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí aburú kankan nínú rẹ̀. Ṣebí ọmọ ìyá ni wọ́n.

Àfi ìgbà tí ìjà ààlà oko dé lọ́dún 1953. Ọkùnrin kan yọ àdá sí Ẹkúndayọ̀, Ẹkúndayọ̀ gba àdá náà, ó sì ṣá a lápá. Kò ní lọ́yà. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún méje.

Rẹ̀mílẹ́kún, ìyàwó rẹ̀, ló gbọ́ pé àwọn sójà àtijọ́ ní ẹgbẹ́ kan l'Óṣogbo, lẹ́yìn Ọjà Ọba, pé lọ́yà wọn a máa gba ẹjọ́ sójà tó bá wà lẹ́wọ̀n rò lọ́fẹ̀ẹ́, wọn a sì máa bá ìyàwó rẹ̀ gba ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù tí àyè àtipe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn á fi dí. Ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Sàláúdéènì, akọ̀wé ẹgbẹ́, tí ìka méjì ti gé lọ́wọ́ rẹ̀ ní Bọ́mà, gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

“Wàlláhi, Ìyá Ọdúntán, kì í ṣe ọkọ yín nìkan. Ẹni tó jẹ́ orúkọ olórúkọ pọ̀ nínú ogun yẹn. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sọ òótọ́, ó tán.”

Ó tán kẹ̀! Rẹ̀mílẹ́kún kúnlẹ̀ níwájú Ògúnmọ́lá n'Iléṣà títí orúnkún rẹ̀ fi kú.

“Ìyàwó, wọn á lé mi níbi iṣẹ́,” ni ọkùnrin náà ń sọ.

“Ẹ̀gbọ́n, àbúrò yín wà lẹ́wọ̀n!”

“Mo mọ̀.” Ó dìde, ó wọlé, kò jáde mọ́. Oore pẹ́, aṣiwèrè gbàgbé. Ṣùgbọ́n èyí kò gbàgbé, ojora ló ń ṣe é.

Sàláúdéènì kò jáwọ́. Ó ní kò sí sójà tó lè gbàgbé nọ́ńbà tí wọ́n fún un. Nọ́ńbà náà wà nínú ìwé ìjọba. Bí Ẹkúndayọ̀ bá ti lè kà á lórí fún lọ́yà, wọn á gbà pé òun gan-an ló lọ sógun.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, òun àti Rẹ̀mílẹ́kún àti Béjidé, lọ́yà ẹgbẹ́ náà, lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n n'Iléṣà. Wọ́dà mú Ẹkúndayọ̀ jáde. Ó ti rù kan egungun. Inú Rẹ̀mílẹ́kún bàjẹ́, síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

“Kí ni nọ́ńbà yín lójú ogun?” ni lọ́yà bi í.

Ẹkúndayọ̀ fi ìbéèrè dá a lóhùn. “Bí mo bá sọ ọ́, kí ni wọ́n máa fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe?”

Lọ́yà Béjidé kì í ṣe òpùrọ́. “Irọ́ ló pa fún ìjọba. Iṣẹ́ á bọ́. Ó sì lè wá bá yín níbí.”

Ẹkúndayọ̀ ní, “Lọ́yà, n ò lọ sógun kankan. Ẹ̀gbọ́n mi ló lọ.”

“Bàbá Ọdúntán!” Rẹ̀mílẹ́kún figbe ta. “Ta ló ń pariwo iná, iná, lójú oorun, tí mo ń dì mú láti ọdún yìí wá? Ẹ̀gbọ́n yín ni?”

“Pẹ̀lẹ́,” ni ọkọ rẹ̀ wí. “Ẹ̀gbọ́n mi kò lè gbé ibí yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò pa á. Èmi ti gbé ibi tó burú ju báyìí lọ.”

“Níbo nìyẹn?” lọ́yà béèrè kíá, ó ti mú kálàmù.

Ẹkúndayọ̀ dìde, ó ní kí wọ́dà mú òun padà. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wò títí wọ́dà fi mú un wọlé.