Ìyàwó Ni Akọ̀wé Ń Pe Ìyá Rẹ̀

Ohun tí àgbà bá ń sọ lójú ọmọdé, ẹnu ọmọdé náà ni yóò gbà padà wálé. Báyìí ló ṣe di pé ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan ń pe ìyá tó bí i ní Ìyàwó. Kì í ṣe ẹ̀sín, kì í ṣe àfojúdi. Ìyá ọkọ obìnrin náà ló ń pè é bẹ́ẹ̀, bí ìyá ọkọ gbogbo ti í ṣe: Ìyàwó, bá mi gbé omi wá, Ìyàwó, ṣé o ti jẹun? Aránṣọ ni obìnrin yìí, àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́ ló fi ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ náà, tí í ṣe ìyá àgbà ọmọ, sì ni ọmọ máa ń wà láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Ìyá àgbà wá di Màmá. Ẹni tó rọbí di Ìyàwó.

Akọ̀wé ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé, nítorí pẹ́ńsù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá kọ nǹkan sára ògiri, á kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì ti mú ṣọ́ọ̀kì ìyá rẹ̀ rí, ó fi kọ lẹ́tà gígùn sẹ́yìn aṣọ oníbàárà. Gbogbo àdúgbò ló mọ aránṣọ sí Ìyá Akọ̀wé, àfi Akọ̀wé fúnra rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín ni. Ọmọ á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí bí ìyá àgbà, á ní, "Ìyàwó, omi dà?" Aránṣọ á dáhùn pé, "Mo ń bọ̀, mà," àwọn oníbàárà á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí èèyàn ń rín fún ọdún méjì, ó ti ń di egbò. Aránṣọ bẹ ọmọ, ó fi bisikíìtì tàn án. "Ta ni mo jẹ́ sí ẹ?" "Ìyàwó!" Ó tọ ìyá ọkọ lọ: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ́ ọ kó máa pè mí ní màmá."

"Kí ló wà nínú orúkọ?" ni ìyá àgbà wí. "Ọmọ ò kúkú pè ẹ́ lólè."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà nígbà tí Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í bì láràárọ̀, kó tó fi ohunkóhun kan ẹnu. Aránṣọ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí. Wọ́n ní aràn ni. Ó lo oògùn aràn, ó ń bì. Wọ́n ní ibà ni. Ó lo oògùn ibà, ó ń bì, ó sì wá ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń yẹ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ojú ni, wọ́n fún un ní gíláàsì. Oṣù mẹ́ta gbáko. Ìyá ń pariwo pé, "Pẹ́ńsù ń bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi o!" wọ́n ń wò ó bí aláròyé. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bi í pé, "Ìyá Akọ̀wé, ṣé ìdánwò lẹ fẹ́ kó ṣe ni?"

Aránṣọ mọ bí aṣọ ṣe máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ohun tó wúwo bá wà nínú àpò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orí ọmọ rẹ̀ ń fì. Ó sọ ìyẹn náà fún wọn. Wọ́n ní ṣé òun ni dókítà ni.

Ilé ìwòsàn ńlá ló padà ya àwòrán inú orí ọmọ. Kókó kan tó tó ẹyin ẹyẹlé wà lẹ́yìn ọpọlọ, lókè ibi tí orí ti pàdé ọrùn. Àfi kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Ọ̀gá dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun yòówù kí èèyàn bi í, "A ó máa wò ó" ni èsì rẹ̀. Kò pé ọjọ́ méjì tí ìyá àgbà fi sọ ọ́ lórúkọ. "A-ó-máa-wò-ó ti ń bọ̀ o," ni yóò wí bó bá ti gbọ́ ìró bàtà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Kó kúkú máa wò ó. Ta ló máa wá ṣe é?"

Nígbà tí iṣẹ́ abẹ ku ọ̀la, dókítà obìnrin kan tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn pẹ̀lú ìwé lórí pátákó pẹlẹbẹ.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Akọ̀wé."

Dókítà wo káàdì. Orúkọ tó wà níbẹ̀ gùn bí okùn kànga, kò sì sí akọ̀wé nínú rẹ̀. Ó nawọ́ sí aránṣọ. "Ta ni èyí?"

"Ìyàwó."

"Ìyàwó ta ni?"

Ọmọ nawọ́ sí ìyá àgbà. "Ìyàwó Màmá."

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé látòkè délẹ̀. Dókítà ní ó yé òun dáadáa, pé nílé tiwọn, Bọ̀ọ̀dá làwọn ń pe bàbá àwọn títí dòní. Síbẹ̀, ó fi bírò fa ìlà kan sórí ìwé. Aránṣọ na ọrùn.

"Dókítà, kí lẹ kọ síbẹ̀?"

"Ó dá ìyá rẹ̀ mọ̀: bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Ṣé mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún yín ni?"

"Mo gbọ́, mà. Ìwé yìí ni ò ní ibi tí mo lè kọ ìyẹn sí. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀, màmá tàbí mọ́mì ni wọ́n sì fẹ́ gbọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti wọ aṣọ iṣẹ́ abẹ fún Akọ̀wé, aṣọ tí a dè lẹ́yìn tí ó gbà á bí àpò. Ebi ń pa á, nítorí wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹun láti alẹ́ àná. Ló bá di pé A-ó-máa-wò-ó dúró lẹ́bàá ibùsùn, ó ka ìwé, ó dojú rú. Ọmọ tó ń dá gbogbo èèyàn mọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò dá ìyá rẹ̀ mọ̀ mọ́? Á jẹ́ pé kókó náà ti dàgbà. Ó ní kí wọ́n tún àwòrán yà kí àwọn tó fọwọ́ kàn án.

Aránṣọ sáré tẹ̀ lé e nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, gèlè ń já sílẹ̀ lórí rẹ̀. "Dókítà! Ó dá mi mọ̀! Bó ṣe ń pè mí nìyẹn láti ọjọ́ tó ti ń sọ̀rọ̀!"

"A ó máa wò ó, mà."

Ẹ̀rọ àwòrán ní èrò níwájú. Ọmọ ẹlòmíì gba àyè iṣẹ́ abẹ ọjọ́ yẹn, ọmọ ẹlòmíì tún gba ti ọ̀la. Ọkọ aránṣọ, tó ń tún rédíò ṣe, tí kì í gbé ohùn sókè bí kò ṣe tí rédíò bá ń dún lọ́wọ́ rẹ̀, fà á jókòó. "Ìyá Akọ̀wé, ṣe sùúrù."

"Sùúrù wo? Bàbá Akọ̀wé, oṣù mẹ́ta ni mo ti fi ń ṣe sùúrù. Ó ti tán bí òwú lórí kẹ̀kẹ́." Ó bá yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀, ohun tí kò dán wò rí láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn. "Mà, ẹ ní kí ló wà nínú orúkọ. Ẹ wá wo ohun tó wà nínú ẹ̀ báyìí! Ọjọ́ méjì ló wà nínú ẹ̀!"

Ìyá àgbà dìde, ó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ.

"Akọ̀wé mi, ta ni èyí?"

"Ìyàwó."

"Èèwọ̀. Màmá ni. Wí i."

"Ìwọ ni Màmá."

"Mo ti fẹ̀yìn tì. Èyí ni Màmá. Tí dókítà bá bi ẹ́, kí lo máa wí?"

"Ìyàwó."

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń fà á bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń fa ewúrẹ́ wọ inú omi. Gbogbo ìgbà tí aránṣọ bá gbọ́ ọ, inú á tún bí i sí i. Ọdún méjì ló fi tọrọ ọ̀rọ̀ kan, wọn ò fún un. Ìwé tọrọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan, àwọn èèyàn ń làágùn.

Àwòrán tuntun jáde. Kókó náà kò fi irun kan dàgbà.

Wọ́n gbé Akọ̀wé wọlé lọ́jọ́ kẹta. Wákàtí méje ni wọ́n fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì onírin tó ń múni nídìí. Ọkọ tú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó tò ó padà, ó tún tú u. Nígbà tí A-ó-máa-wò-ó jáde, àmì ìbòmú ṣì wà ní imú rẹ̀. Ó ní àwọn yọ ọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, èyí tó kù kò ju èékánná lọ.

"Èyí tó kù ńkọ́, dókítà?"

Ìyá àgbà bá dókítà sọ èsì náà lábẹ́lẹ̀, àwọn méjèèjì sì parí rẹ̀ pọ̀: "A ó máa wò ó."

Akọ̀wé jí, ó sunkún, ó mu omi. Ní ọjọ́ kejì, ó dákẹ́. Kì í ṣe oorun. Ojú rẹ̀ là, ó ń wo àjà, ó ń wo èèyàn, ṣùgbọ́n ohùn ti lọ. Ọ̀gá dókítà ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí a bá ṣiṣẹ́ ní ibi yẹn nínú orí, pé ó máa padà. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ó lè gba oṣù.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún wa," ni aránṣọ wí.

"Ó wà nínú ìwé tí ẹ tọwọ́ bọ̀, mà."

Ìwé náà tún ni. Aránṣọ ò mọ ẹni tí òun ìbá bá jà mọ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ń pààrọ̀ báńdéèjì, ó yọjú wo ojú ọgbẹ́ lẹ́yìn orí ọmọ rẹ̀, ó ka ojú rírán náà: mọ́kànlélógún. Ó tọ́, ó ṣe déédéé, okùn kò fún jù, kò dẹ̀ jù. Ó dùn ún pé òun ò rí àléébù kan níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní kó máa bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Ó sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó sọ̀rọ̀ síìpù, ó sọ̀rọ̀ obìnrin tó ní wọ́n ti dín aṣọ òun kù nígbà tó jẹ́ pé òun ló sanra. Ó fi pẹ́ńsù sí i lọ́wọ́, pẹ́ńsù yí bọ́ sílẹ̀. Ó hẹ ẹ́. Ó tún bọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá.

Ní ọjọ́ kọkànlá, dókítà kékeré dé pẹ̀lú pátákó rẹ̀. Aránṣọ jókòó lẹ́bàá ibùsùn, ìyá àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀ gangan. Dókítà bẹ̀rẹ̀, ó nawọ́ sí aránṣọ bí ó ti ń ṣe lójoojúmọ́. "Ta ni èyí?"

Ètè ọmọ gbọ̀n. "Mà... má."

Ìyá àgbà fò sókè. Ó jó láàárín ibùsùn méjì, nọ́ọ̀sì ń bẹ̀ ẹ́ kó má ta lu ìgò omi. Ọkọ aránṣọ nu ojú rẹ̀ mọ́ apá ẹ̀wù. Dókítà fa ìlà sórí ìwé, ó sì yí i sí aránṣọ kó rí i: bẹ́ẹ̀ ni.

Aránṣọ jókòó bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí.

"Kí ló dé?" ni ọkọ rẹ̀ bi í. "Ó pè ẹ́. Ṣebí ohun tó o ti ń fẹ́ nìyẹn?"

"Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí."

"Ó ti wá pè ẹ́ báyìí."

"Ta ló pè, Bàbá Akọ̀wé? Ṣé Màmá tó dúró lẹ́yìn mi ló pè ni? Ṣé èyí tí wọ́n kọ́ ọ ló ń kà jáde? Àbí wọ́n ti yọ èmi náà mọ́ kókó yẹn?"

Aránṣọ bá dókítà kékeré lójú ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ kọ yẹn, kò dá mi lójú."

"Mà, ó ti gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni la kọ."

"Kò gbà á! Ìgbà tó gbà á, bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ kọ!"

Dókítà wò ó, ó wo ìwé. "Ṣé kí n wá kọ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni, mà?"

Ohun tó kù kí aránṣọ ṣe ni kó sunkún tàbí kó gbá pátákó náà mọ́ ògiri. Kò ṣe méjèèjì. Ó padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Akọ̀wé kò tún sọ ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọkọ wà níbi iṣẹ́, ìyá àgbà ti lọ wẹ̀ nílé. Aránṣọ mú aṣọ òwú fífẹ́lẹ́ kan jáde nínú àpò. Ó fẹ́ fi rán fìlà tí yóò bo ojú ọgbẹ́. Ó fa okùn ìwọ̀n ọrùn rẹ̀, ó fi yí orí ọmọ ká láti iwájú lọ sẹ́yìn. Etí okùn náà fara kan ojú rírán.

Ọmọ dijú. Ó ká iwájú orí jọ, bí ìyá àgbà ti í ká a nígbà tí ọbẹ̀ bá níyọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ náà sì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fa garawa nínú kànga jíjìn.

"Ìyà... wó."

Aránṣọ sún etí mọ́ ẹnu rẹ̀.

"Rọ... ra."

"Mo ń rọra, mà," ni ìyá rẹ̀ wí. Okùn ìwọ̀n ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo ń rọra. Ẹ má bínú, mà."

Nọ́ọ̀sì yọjú láti ẹnu ọ̀nà. "Ó dà bíi pé mo gbọ́ ohùn. Kí ló wí?"

"Ó ní kí n rọra."

"Ó dára o! Ta ló pè? Ẹ jẹ́ kí n lọ mú ìwé wá, kí n kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ẹ fi ìwé yín sílẹ̀ jàre," ni aránṣọ wí. "Kò ní ibi tí ẹ máa kọ ọ́ sí."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó hẹ okùn ìwọ̀n, ó sì tún un yí ká orí ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.